Fèrè ọkọ̀ àwọn ará Bárbádọ̀s: kí ni wọ́n ń fi í sọ?

Arìnrìn-àjò béèrè pé:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú àtijọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti erékùṣù Bárbádọ̀s dé ni, níbi tí mo ti háyà ọkọ̀ kékeré kan tí mo fi ń rìn láti Bridgetown títí dé Bathsheba ní etíkun ìlà-oòrùn. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀, ìyẹn sì tètè mọ́ mi lára. Fèrè ló ń yà mí lẹ́nu. Kò sí ibi tí mo yà sí tí ẹnì kan kì í fọn fèrè, síbẹ̀ kì í ṣe fèrè ìbínú tí ènìyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí etí yóò fi di. Pín-ín pín-ín kúkúrú ni, ojú ẹni tó fọn ún á sì tutù bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ní ọ̀nà tóóró kan láàárín oko ìrèké, níbi tí ìrèké ti ga ju òrùlé ọkọ̀ lọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ọkùnrin kan tí a pàdé ara wa fa ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn títí ó fi dé ibi tí ọ̀nà ti fẹ̀ díẹ̀, ó jẹ́ kí n kọjá, ó sì tún fọn fèrè sí mi nígbà tí mo kọjá tán. Kí ló ń sọ?

Ìbéèrè kejì ni pé, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé àlejò ni mí kí n tó la ẹnu? Àwọ̀ mi kò yàtọ̀ sí tiwọn, síbẹ̀ wọ́n ń dúró fún mi ní ráńdábáòtù nígbà tí kì í ṣe èmi ló kàn.

Awakọ̀ Fẹ̀yìntì dáhùn pé:

Ẹ kú ìrìn. Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìbéèrè kejì bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló rọrùn jù. Nọ́ńbà ọkọ̀ yín ló tú àṣírí yín. Páríìṣì mọ́kànlá, ìyẹn agbègbè, ni wọ́n pín erékùṣù náà sí, lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà ọkọ̀ aládàáni sì ń tọ́ka sí páríìṣì: M fún Saint Michael tí Bridgetown wà nínú rẹ̀, X fún Christ Church ní gúúsù. Takisí ń lo Z, àwọn ọkọ̀ akérò kéékèèké ń lo ZR, H sì ni ti ọkọ̀ háyà. Ẹni tó bá rí H níwájú rẹ̀ ti mọ̀ pé awakọ̀ yẹn lè máa wá ọ̀nà, pé ó lè yà lójijì, tàbí kí ó tilẹ̀ gbàgbé ọwọ́ tó yẹ kó gbà, á sì fún un láyè. Ìlànà yìí wù mí gan-an, àmọ́ olè náà mọ lẹ́tà yẹn kà. Ẹ má ṣe fi báàgì sílẹ̀ nínú ọkọ̀ létíkun.

Ní ti fèrè, ìkíni ni, ọpẹ́ ni, ó sì tún lè jẹ́ "ẹ máa kọjá". Bí wọ́n bá fún ènìyàn láyè, ohun tí wọ́n ń retí ni kí ó fọn ún lẹ́ẹ̀kan tàbí kí ó gbé ọwọ́ sókè. Ọkùnrin inú oko ìrèké yẹn kàn ń kí yín pé ó dàbọ̀ ni. Gígùn erékùṣù náà kò ju nǹkan bí kìlómítà 34 lọ, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju 23. Ẹni tí ẹ bú lójú títì láàárọ̀ lè jẹ́ ẹni tí yóò din ẹja fún yín lálẹ́ ní Oistins, ìlú àwọn apẹja ní gúúsù.

Èrò Ọkọ̀ dáhùn pé:

Òótọ́ ni bàbá sọ, ṣùgbọ́n kí a má ṣe da fèrè ZR pọ̀ mọ́ ti aládàáni. Mo máa ń wọ ọkọ̀ akérò níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ìjọba jẹ́ aláwọ̀ búlúù tó ní ìlà yẹ́lò, bọ́ọ̀sì aládàáni jẹ́ yẹ́lò tó ní ìlà búlúù, ZR sì jẹ́ funfun tó ní ìlà pupa rúsúrúsú. Láti ọdún 2019, dọ́là Bárbádọ̀s 3.50 ni owó ọkọ̀, ibi yòówù kí ènìyàn ń lọ, àmọ́ bọ́ọ̀sì ìjọba kì í fún ènìyàn ní ṣéńjì.

ZR nọ́ńbà 11, tó ń lọ sí Silver Sands, ni ẹ bá wọ̀ kí ọ̀rọ̀ mi tó yé yín. Orin á máa lù débi pé gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n, èrò á fún mọ́ra, nígbà tí ẹni tó wà lẹ́yìn bá sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀, gbogbo ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ní láti yẹ orúnkún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà ni awakọ̀ ń fọn fèrè sí, ìbáà ṣe pé okùn bàtà rẹ̀ ló dúró láti so. Èrò ló ń pè, kò kí ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Títì dáhùn pé:

Ẹ ti yin àwọn ènìyàn yìí jù. Ẹ lọ sí agbègbè Warrens nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń darí sílé, kí ẹ wo bóyá ẹ ó gbọ́ fèrè ọpẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa ọkọ̀ ojú irin Bridgetown sí Belleplaine tì ní ọdún 1937, ojú títì ni gbogbo ìrìn-àjò wọn wà. Ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ABC, tí wọ́n fi orúkọ àwọn olórí ìjọba wọn àtijọ́, Adams, Barrow àti Cummins, sọ, gba kí ọkọ̀ sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n ráńdábáòtù pọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò sì ń fi ráńdábáòtù ṣe àmì: "ẹ dé ibi ère Bussa, kí ẹ tó yà." (Bussa ni ẹrú tó ṣáájú ìṣọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú níbẹ̀ láyé àtijọ́.)

Wọ́n fẹ́ràn eré sísá pẹ̀lú. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ti àwọn ọ̀nà oko ìrèké kan náà pa fún ìdíje ọkọ̀, tí àwọn ènìyàn á sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti wòran.

Arìnrìn-àjò:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Bí ZR bá fọn fèrè sí mi, ṣé kí èmi náà fọn ún padà?

Èrò Ọkọ̀:

Rárá o. Bó bá fọn ún sí ẹni tó gbé H sí nọ́ńbà, pé kí ó tètè kúrò lọ́nà ló ń sọ. Ẹ fà sí òsì, ẹ jẹ́ kó máa lọ.