Ẹranko wo lẹ ti pàdé nínú igbó tàbí létíkun tí ojú yín fi rí màbo?

Àdùkẹ́Etíkun: Ẹ̀yin ará, Sátidé tó kọjá la lọ sí Lekki Conservation Centre. Mo ti ń múra ọkàn sílẹ̀ de afárá orí igi yẹn, èyí tó gùn ní mítà 401, nítorí àyà mi máa ń já lókè. Mi ò tíì dé ìdí ẹ̀ rárá. Lórí pákó tí wọ́n tò sórí ẹrẹ̀ ni ọ̀bọ kan ti jókòó, àmì funfun méjì lẹ́bàá ìrù ẹ̀, ó ń wò mí bí agbowó-orí. Kò ké, kò sáré. Ó na ọwọ́, ó fa síìpù báàgì mi. Ó FA SÍÌPÙ o! Ó fi fóònù sílẹ̀, ó mú bisikíìtì, ó rọ ọ́ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó gun igi lọ. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣe rí?

ÌyáÌbejì: Síìpù kẹ̀? Ìwọ lo ò pa á dé.

Àdùkẹ́Etíkun: Mo pa á dé. Mo lè búra.

Ọ̀rẹ́Igbó: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fún wọn lóúnjẹ kẹ́ ẹ lè ya fọ́tò lẹ kọ́ wọn. Ọ̀bọ tó bá ti mọ adùn bisikíìtì, ṣé èso igi ló máa wù ú mọ́?

ÌyáÌbejì: Ó ti dé. Wàásù ti bẹ̀rẹ̀.

ỌmọAyétòrò: Tèmi kì í ṣe ọ̀bọ. Ìlàjẹ ni mí, ìlú wa ni òkun ń jẹ díẹ̀díẹ̀ yẹn, kò sóhun tí mi ò tíì rí létí omi. Ṣùgbọ́n mo ti lé lógójì ọdún kí n tó rí ìjàpá òkun tó ń yé ẹyin. Òru ni. Mo rò pé ọkọ̀ kan ni wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ sórí iyanrìn, àfi ìgbà tí ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ ò le bíi ti ìjàpá inú igbó, awọ ni, dúdú, ìlà gbọọrọ gbọọrọ sì wà lára ẹ̀ láti ọrùn dé ìdí. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló fi ń wa ihò. Á bu iyanrìn jẹ́jẹ́ bí ẹni fi ṣíbí bu ìrẹsì, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tún fi ẹsẹ̀ kejì bù. Lẹ́yìn náà ni ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, funfun, róbótó, méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta. Omi ń dà lójú ẹ̀. Bàbá tá a jọ wà níbẹ̀ ní ìrọbí ló ń pa á lẹ́kún. Mo pa tọ́ọ̀ṣì.

Tíṣà_Bàyọ́: Kì í ṣe ẹkún. Iyọ̀ òkun tó pọ̀ jù lára ẹ̀ ló ń gba ojú dà nù. Bó bá wà nínú omi náà, ó ń ṣe é.

ÌyáÌbejì: A dúpẹ́, tíṣà. Ẹ jẹ́ kí ìyá ọlọ́mọ sunkún ẹ̀ láàlàáfíà.

Tíṣà_Bàyọ́: 😂

Lákáayé: Ẹ ò kó ẹyin náà?

ỌmọAyétòrò: Ọ̀rẹ́ mi kan gbé garawa wá. Mo ní kó gbé e padà. Nígbà tá a wà lọ́mọdé à ń jẹ ẹ́, mi ò ní parọ́.

Onírìnàjò: Èmi rí erin nínú igbó Omo.

Lákáayé: O rí i àbí o rí nǹkan fìrí?

Onírìnàjò: Ìgbẹ́ ẹ̀ ni mo rí. Ó ṣì gbóná.

Lákáayé: O fọwọ́ kàn án?!

Onírìnàjò: Ẹ fi mí sílẹ̀.

Àbíkẹ́: Omi ni ìṣòro tèmi, kì í ṣe ẹranko. Òkun fà mí, mò ń wẹ̀ bọ̀ sétí, etí ń jìnnà sí i. Apẹja kan ló pariwo pé kí n má bá a jà, kí n wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, kí n máa tọ etíkun lọ títí omi tó ń fà yẹn fi máa tú mi sílẹ̀. Ohun tó gbà mí nìyẹn. Láti ìgbà yẹn, orúnkún ni omi mi ń mọ.

ÌyáÌbejì: Olókun ló ní kó o padà wá san gbèsè àjọ.

Adébáyọ̀_K: Ní Lekki kan náà mo rí ọ̀kín tó na ìrù ẹ̀ sílẹ̀ bí aṣọ ìyàwó. Ó rẹwà gan-an.

Ọ̀rẹ́Igbó: Ìyẹn kì í ṣe ọ̀kín. Ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti kó ẹyẹ yẹn wá. Ọ̀kín ti wà nínú oríkì wa tipẹ́tipẹ́.

Adébáyọ̀_K: Gbogbo ìwé ló pè é ní ọ̀kín.

Ọ̀rẹ́Igbó: Ìwé ló ṣì í pè. Ọ̀kín kéré, ìrù ẹ̀ ló gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn.

Lákáayé: Bàbá mi ní lékeléke ni.

Ọ̀rẹ́Igbó: Lékeléke kẹ̀!

Mojọ̀: Ará Ọ̀fà ti ń ka gbogbo ẹ̀ o. Ìyẹ̀rú Ọ̀kín. Ẹ fi ẹyẹ wa sílẹ̀.

Àdùkẹ́Etíkun: Ọ̀bọ mi ń kọ́, ẹ̀yin èèyàn yìí?

Adébáyọ̀_K: Àdùkẹ́, ṣé ọ̀bọ tó gé létí òsì díẹ̀ ni?

Àdùkẹ́Etíkun: Òun gan-an! Ẹ mọ̀ ọ́n?

Adébáyọ̀_K: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Báàgì tèmi ló fi kọ́ṣẹ́.