Báwo ni mo ṣe máa fi kọ́bọ̀ oníhò ránṣẹ́ tí kò fi ní sọnù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú owó àtijọ́. Houston ni mò ń gbé. Mo ní kọ́bọ̀ oníhò kan ti British West Africa, ti ọdún 1936, tí orúkọ Edward Kẹjọ wà lára rẹ̀, ọba tí kò lò tó ọdún kan lórí oyè. Ilé iṣẹ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò ti dè é mọ́ inú ike, àmọ́ KN, àmì ilé iṣẹ́ arọwó King's Norton, ni wọ́n kọ sórí lébẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ H, àmì ilé iṣẹ́ arọwó Heaton ní Birmingham, ló hàn kedere lára owó náà. Wọ́n ní kí n dá a padà, àwọn á tún un kọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bó ṣe máa débẹ̀ ló ń kó mi lọ́kàn sókè. Ẹnì kan ní kí n lo Registered Mail ti USPS, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà: adójútòfò rẹ̀ lè tó $50,000, ṣùgbọ́n kì í yá. Ẹlòmíì ní Priority Mail ti tó. Èwo lẹ ti lò rí? Ṣé òótọ́ ni pé téèpù oníbébà nìkan ni wọ́n ń gbà fún Registered?

Mo fẹ́ fi fóòmù wé ike náà dáadáa kó má baà máa mì, kí n wá fi páálí kékeré sínú ńlá. Mi ò ní kọ ohunkóhun nípa owó síta. Ṣé kí n gé orúkọ ilé iṣẹ́ náà kúrú lórí àdírẹ́sì? Iye wo ni kí n sì pè é fún adójútòfò: iye tó ń lọ lọ́jà báyìí, àbí iye tó máa jẹ́ lẹ́yìn àtúnṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ dá mi lóhùn.