Ilé ìwé ní kí psychologist ṣàyẹ̀wò ọmọ mi. Ṣé kí n fọwọ́ sí i?

Ìyá Bọ́lá
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Oṣù kẹwàá wa rèé ní Amẹ́ríkà. Ilé ìwé ọmọ mi fi ìwé ránṣẹ́ lánàá, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i kí psychologist wọn lè ṣàyẹ̀wò ẹ̀. Àyà mi ń já. Ṣé wọ́n rò pé orí ọmọ mi ò pé ni? Bàbá ẹ̀ ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí nǹkan kan.

Àǹtí Ṣadé
Ìyá Bọ́lá, ẹ fọkàn balẹ̀. Psychologist ilé ìwé kọ́ ni dókítà tó ń tọ́jú wèrè, bẹ́ẹ̀ ni kì í kọ oògùn fún ọmọ. Ohun tó ń wá ni ìdí tí ẹ̀kọ́ fi ń nira: ṣé ìwé kíkà ni, ṣé ẹ̀rù ló ń ba ọmọ, ṣé ọkàn ẹ̀ ni kì í dúró sójú kan. Á wò ó ní kíláàsì, á fún un ní ìdánwò, á sì bi ẹ̀yin náà bó ṣe ń ṣe nílé.

Òfin IDEA, ìyẹn òfin Amẹ́ríkà lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara, ní wọ́n gbọ́dọ̀ gba àṣẹ òbí kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ọjọ́ 60 ni wọ́n ní láti parí ẹ̀, àfi tí ìpínlẹ̀ yín bá ní iye tiẹ̀. Ẹ sọ fún bàbá ẹ̀ pé fífọwọ́ sí àyẹ̀wò kò túmọ̀ sí pé ẹ gbà kí wọ́n gbé e lọ sí kíláàsì àkànṣe. Àṣẹ ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa gbà fún ìyẹn.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ èdè. Nígbà tèmi, mi ò sọ fún wọn pé Yorùbá là ń sọ nílé. Èsì dé, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi mọ̀ kò tó nǹkan. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí mo kọ lẹ́tà tí wọ́n sì mú ògbufọ̀ wá ni wọ́n rí i pé ọmọ mọ ìdáhùn, Gẹ̀ẹ́sì ni kò tíì dá ṣáká lẹ́nu ẹ̀. Òfin ò gbà kí wọ́n pe ọmọ ní aláàbọ̀ ara nítorí pé kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Nítorí náà, ẹ kọ èdè yín sínú ìwé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan.

Bọ̀dá Kúnlé
Tí èsì wọn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè ní kí ẹlòmíì láti ìta tún àyẹ̀wò náà ṣe lówó ìjọba. Tí wọ́n bá kọ̀, àwọn ló máa lọ fi hàn níwájú olùgbẹ́jọ́ pé tiwọn péye.

Ìyá Ìbejì, Ìlú Ọba
Ní England níbí, educational psychologist là ń pè é. Tí ilé ìwé bá ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, òbí fúnra ẹ̀ lè kọ̀wé sí kánsù fún àyẹ̀wò EHC (Education, Health and Care), ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń mọ ìrànlọ́wọ́ àkànṣe tí ọmọ nílò. Ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ní láti sọ bóyá wọ́n á ṣe é.

Ìyá Bọ́lá
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ṣé kí n sọ ìyẹn náà fún wọn?

Àǹtí Ṣadé
Ẹ sọ ọ́, ẹ má fi pa mọ́. Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n ti yẹ etí àti ojú ẹ̀ wò.

Ìyá Bọ́lá
Ẹ ṣeun gan-an ni, Àǹtí. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún bàbá ẹ̀. Ó ní ká jọ kọ lẹ́tà èdè yẹn lálẹ́ òní ká tó fọwọ́ sí i.