Ṣé a lè fi bíbá onílé ṣọ́ ilé dín owó ìrìn-àjò kù? Edinburgh là ń lọ

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi àti baálé mi fẹ́ kó àwọn ìbejì wa, ọmọ ọdún méje, lọ sí Edinburgh nígbà ìsinmi ìgbà ooru. Owó ọkọ̀ ojú irin kò bà wá lẹ́rù, ṣùgbọ́n iye tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ń pè nínú oṣù Kẹjọ fún yàrá tó lè gba èèyàn mẹ́rin ju agbára wa lọ. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi wá sọ fún mi pé òun kì í sanwó ibùgbé bí òun bá rìnrìn-àjò: ńṣe ni òun máa ń bá àwọn tó ń lọ fún ìsinmi ṣọ́ ilé, tí òun á sì máa tọ́jú ajá tàbí ológbò wọn títí wọn yóò fi dé. Mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ti ṣe é rí. Ṣé owó náà máa ń dín kù lóòótọ́? Ṣé onílé máa ń gba àwọn tó ní ọmọ kékeré? Àbúrò mi tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá kí wa ńkọ́, ṣé òun náà lè máa ṣe irú rẹ̀ ní tirẹ̀?

Bàbá Glasgow

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Èmi àti ìyàwó mi ti ń ṣe é láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, owó sì ń dín kù gidigidi, nítorí ibùgbé ló ń gbé owó lọ jù nínú ìrìn-àjò wa. Onílé kì í sanwó fún yín, ẹ̀yin náà kì í san owó ilé fún un. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ san ni owó ìforúkọsílẹ̀ ọdọọdún lórí ìkànnì tó ń so yín pọ̀. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ ní Ìlú Ọba ni TrustedHousesitters, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2010. Ẹni tó bá máa lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní rí èrè tó pọ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó ń rìn léraléra.

Oṣù tí ẹ mú yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ tún wò. Inú oṣù Kẹjọ ni àjọ̀dún eré àti iṣẹ́ ọnà Edinburgh, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1947, máa ń wáyé, òun ló ń mú kí hòtẹ́ẹ̀lì gbówó lórí. Ìsinmi ilé ìwé Scotland kò sì bá ti England mu: ìparí oṣù Kẹfà ni wọ́n máa ń gba ìsinmi, wọ́n á sì wọlé padà ní nǹkan bí àárín oṣù Kẹjọ. Oṣù Keje ni ọ̀pọ̀ ìdílé ibẹ̀ máa ń wá ẹni tí yóò bá wọn ṣọ́ ilé. Nígbà tó jẹ́ pé ìparí oṣù Keje ni àwọn ọmọ Leeds tó ń gba ìsinmi, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta péré ni ìsinmi méjèèjì fi ń pàdé, ibẹ̀ ni kí ẹ gbájú mọ́. Ẹ má wo inú ìlú nìkan. Dunfermline àti Kirkcaldy wà lódìkejì odò Forth, ọkọ̀ ojú irin á gbé yín gba orí afárá wọ Edinburgh kó tó pé wákàtí kan.

Ní ti ọmọ, onílé kọ̀ọ̀kan ló ń sọ nínú ìkéde rẹ̀ bóyá òun gbà wọ́n. Ẹ kọ ọjọ́ orí àwọn ìbejì sínú ìwé tí ẹ bá kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí i. Bí ẹ ò bá sì tíì ní ẹlẹ́rìí kankan lórí ìkànnì, ẹ kọ́kọ́ bá ẹnì kan ní itòsí Leeds ṣọ́ ilé fún òpin ọ̀sẹ̀ kan, kí ó lè kọ̀wé rere nípa yín.

Ọmọ Ìlọrin, Birmingham

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ẹran tó wà nínú ilé ló ń pinnu irú ìsinmi tí ẹ máa ní, ju bí ilé náà ṣe lẹ́wà tó lọ. Ìmọ̀ràn àwọn tó ń rí sí ìtọ́jú ajá ní ilẹ̀ yìí ni pé kí a má ṣe fi í sílẹ̀ lóun nìkan ju wákàtí mẹ́rin lọ. Bí ẹ bá gba ilé alájá ní Kirkcaldy, tí ẹ wọkọ̀ lọ wo odi orí àpáta Edinburgh, tí ẹ jẹun, tí ẹ sì padà, wákàtí mẹ́rin ti kọjá. Ológbò kò le tó bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí ni mí, nítorí itọ́ ajá àti ìmọ́tótó ìrun, ilé ológbò tàbí ilé tó jẹ́ pé adìẹ àti ọgbà ni kí a tọ́jú ni mo máa ń mú. Mo máa ń sọ ìdí rẹ̀ fún onílé, kò sì sí èyí tó bínú.

Lọ́jọ́ tí onílé bá ń fi ilé hàn yín, ẹ ní kó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síńkì, nítorí ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ti omi ilé sábà máa ń wà, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i lójú yín. Kó fi áláàmù hàn yín, kó sì kọ nọ́ńbà dókítà ẹran sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, àṣà ilé wa tí a fi ń da ìyókù ọbẹ̀ fún ajá, ẹ má ṣe é níbẹ̀ rárá, nítorí májèlé ni àlùbọ́sà jẹ́ fún ajá àti ológbò. Ṣokoléètì àti èso àjàrà náà kò dára fún ajá, ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ. Òdòdó lílì lè pa ológbò, kódà bí ó bá lá ìyẹ̀fun rẹ̀ lásán.

Àǹtí Peckham

Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ni mo fẹ́ dáhùn, torí ó ká mi lára. Ẹ má jẹ́ kó forúkọ sílẹ̀. Físà àlejò kò fàyè gba iṣẹ́ ní Ìlú Ọba, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n sanwó fún tàbí èyí tí wọn ò sanwó fún. Bí ó bá ń bá ẹni tí kò mọ̀ rí ṣọ́ ilé, tí onílé sì ń fún un ní ibùgbé dípò rẹ̀, òṣìṣẹ́ ibodè lè kà á sí iṣẹ́, kí wọ́n sì dá a padà láti pápákọ̀ òfurufú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Amẹ́ríkà. Físà tí wọ́n fi ìyà gbà kò yẹ kó ti ibẹ̀ bàjẹ́. Lọ́dọ̀ yín ni kó sùn.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi. Ilé ológbò ní Dunfermline tàbí Kirkcaldy la máa wá, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹjọ. Àbúrò mi kò ní dá sí i. Bàbá, ṣé kí a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin báyìí, kó má bàa wọ́n?

Bàbá Glasgow

Rárá, ẹ dúró kí onílé kọ́kọ́ gbà. Tíkẹ́ẹ̀tì Advance tó rọjú sábà máa ń jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 ṣáájú ìrìn-àjò, wọn kì í sì í dá owó rẹ̀ padà bí onílé bá yí ọ̀rọ̀ padà. Kí ẹ tó rà á, ẹ gba káàdì Family & Friends Railcard: ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò lórí owó àgbàlagbà, àti ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lórí ti ọmọdé.