Lórí “àrùn ìdánìkanwà”: ọmọ ni àbí kíláàsì?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Mo ka àbá Ọ̀jọ̀gbọ́n wa pé, nínú àwọn ìwádìí ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń túmọ̀, kí a máa pe ọ́tísìmù (ipò tí ọmọ fi ń bá ènìyàn lò, tí ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀) ní “àrùn ìdánìkanwà”, kí a sì máa pe ohun tí olùkọ́ ń ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní “ìwòsàn”. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò lè fara mọ́ ọn.

Wọ́n ní inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí “ara ẹni” ni orúkọ “ọ́tísìmù” ti wá, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Eugen Bleuler, dókítà àrùn ọpọlọ, ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà ní nǹkan bí ọdún 1910, àwọn alárùn ọpọlọ ni ó fi ń ṣàpèjúwe; ọdún 1943 ni Leo Kanner, dókítà ọpọlọ àwọn ọmọdé, yá a lò fún àwọn ọmọdé 11 tí ó kọ̀wé nípa wọn. Bí ó bá ṣe pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé tí “ìdánìkanwà” wò kì í ṣe kíláàsì.

Kíláàsì gan-an ló sì tako orúkọ náà. Nínú ìwádìí tí Connie Kasari, olùwádìí nípa ọ́tísìmù, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2012 láti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ kan tó ní ọ́tísìmù ní ọgbọ́n ìbáṣepọ̀, fún àwọn mìíràn wọ́n kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì wọn bí a ti ń fa ẹni tó dá dúró mọ́ra. Kíkọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ ló so èso jù. A jẹ́ pé dídá wà kì í ṣe ohun tó ń gbé inú ọmọ nìkan, orúkọ tí a fẹ́ lò yìí sì ti dá ọmọ lẹ́bi kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kúkú kọ ọ́tísìmù bí a ti ń pè é. Ní ti “ìwòsàn”, olùkọ́ tó lẹ àwòrán iṣẹ́ ọjọ́ náà mọ́ ògiri kí ọmọ lè mọ ohun tó kàn, kò wo ẹnikẹ́ni sàn. “Ìtọ́jú” sàn díẹ̀, àmọ́ bí ó bá ti sún mọ́ “àrùn”, ọsibítù ni etí yóò gbọ́. “Àtìlẹ́yìn” ni mo fọwọ́ sí.



Ó ku “ọ̀rọ̀ ayékòótọ́”, tí ẹnìkan dábàá fún ọmọ tó ń tún ohun tó gbọ́ sọ. Barry Prizant, onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ, ti fi hàn láti àwọn ọdún 1980 pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa fi gbólóhùn tó gbà lẹ́nu ẹlòmíràn dáhùn, tàbí kí ó fi tọrọ nǹkan; kì í ṣe pé ó kàn ń sín ọ̀rọ̀ jẹ bí ẹyẹ. “Àsọtúnsọ” ni mo fi dípò rẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù, kí ó mú un wá.