Kí ni àwọn ohun kékeré tó ń mú inú ìdílé yín dùn lójoojúmọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè?

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará wa. Oṣù Kẹsàn-án tó kọjá ni èmi àti ọkọ mi kó àwọn ọmọ wa wá sí Leeds láti Ìbàdàn. Àwọn ìbejì jẹ́ ọmọ ọdún méje, Ìdòwú wọn sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ara wa le, iṣẹ́ wà, àwọn ọmọ sì ti wọ ilé ìwé, nítorí náà kì í ṣe ẹkún ni mo gbé wá. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, nígbà tí ẹ bá ti san owó ilé, owó iná àti owó ọkọ̀ tán, kí ni ẹ ń ṣe tí inú ìdílé yín fi ń dùn? Gbogbo ìmọ̀ràn tí a rí gbà kí a tó kúrò nílé ló dá lórí ìwé ìrìnnà, iṣẹ́ àti owó. Kò sí ẹni tó sọ fún wa bí a ó ṣe gbádùn ibi tí a ń lọ.

Ọkọ mi máa ń ṣe iṣẹ́ òru, èmi ń ṣe ti ọ̀sán, ìgbà òtútù yìí ló sì nira fún wa jù, nítorí pé nínú oṣù Kejìlá ilẹ̀ ti ń ṣú níhìn-ín kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Àwọn ọmọ tó ń sáré káàkiri àgbàlá pẹ̀lú àwọn ọmọ aládùúgbò ní Ìbàdàn títí a ó fi pè wọ́n wọlé ti wá di ẹni tó ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Bí màmá mi bá pè wá lórí fóònù, wọn kì í béèrè owó, wọn kì í béèrè ẹrù, ohun tí wọ́n máa ń bi àwọn ọmọ ni pé, "Kí lẹ ṣe tó dùn mọ́ yín lónìí?" Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi ní ohun gidi láti fi dá ìyá àgbà lóhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe, pàápàá èyí tí kò gba owó púpọ̀.

Màmá Peckham

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Táyé, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú yóò dàgbà, wọn yóò dògbó. Peckham ní London ni ìdílé tiwa wà, orí ọkọ̀ èrò ni n óò sì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ mi ti kọ́kọ́ fẹ́ràn ìlú yìí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlá kì í san owó bọ́ọ̀sì ní London. Ní òwúrọ̀ Sátidé a máa ń wọ bọ́ọ̀sì 12, èyí tó jẹ́ alájà méjì, a ó gòkè lọ jókòó síwájú pátápátá níbi tí ohunkóhun kò ti ní dí wa lójú, a ó gba Camberwell àti Elephant and Castle kọjá títí a ó fi dé orí afárá Westminster, tí odò Thames yóò máa ṣàn nísàlẹ̀, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti agogo ńlá rẹ̀ yóò sì yọ gàgàrà níwájú wa. Owó ọkọ̀ àgbàlagbà kan ṣoṣo ni a fi ń rí gbogbo èyí. Bí a bá ń padà bọ̀, a ó yà sí Rye Lane láti ra ata rodo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, pọ̀nmọ́ àti èlùbọ́, àwọn ọmọ ni yóò sì yan isu, nítorí mo ti kọ́ wọn bí a ṣe ń fi ọwọ́ tẹ isu wò bóyá ó ti ń rà. Àwọn ìyá kan tó ń tajà níbẹ̀ máa ń fi Yorùbá dá wọn lóhùn, àwọn ọmọ a sì kúnlẹ̀ kí wọn láàárín ọjà láìtijú.

Èkejì ni àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2001 ni Natural History Museum ti jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn, eegun àbùùbùtán tí wọ́n so rọ̀ sínú gbọ̀ngàn rẹ̀ sì gùn tó mítà 25. Ìdòwú yín yóò sọ ti àbùùbùtán yẹn fún ìyá àgbà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n British Museum ni èmi fẹ́ràn jù, òun náà kò gba owó ìwọlé. Ọ̀kan lára àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938 wà níbẹ̀, ó dé adé, ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sì kún ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọkùnrin mi dúró níwájú rẹ̀ pẹ́ títí, ó wá yíjú sí obìnrin aláwọ̀ funfun kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó sì sọ fún un pé àwọn baba ńlá òun ló rọ ọ́. Obìnrin náà bi í léèrè oríṣiríṣi nǹkan, ọmọ náà sì ń dáhùn bí ẹni tó ń fi àlejò mọ ilé baba rẹ̀. Èmi gbà pé Ifẹ̀ ló yẹ kí orí náà wà, n kò sì fi èrò yìí pamọ́ fún ọmọ mi. Síbẹ̀, ọjọ́ yẹn ni ó kọ́kọ́ ní kí n kọ́ òun ní oríkì ìdílé wa, kò sì sí ẹ̀bùn tí a lè rà tó máa mú mi yọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Leeds náà ní tirẹ̀ o. Royal Armouries tó wà níbẹ̀ kì í gba owó ìwọlé, bẹ́ẹ̀ ni National Railway Museum ní York, ìrìn àjò ọkọ̀ ojú irin láti ọ̀dọ̀ yín sí York kò sì jìnnà.

Bàbá Ẹlẹ́wédú, Houston

Mo kí gbogbo ilé. Ìtòsí wa níhìn-ín kò ní bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò lọ síbi ìgbádùn, mọ́tò la fi ń lọ síbi gbogbo, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé ni a ti ń wá ayọ̀ tiwa. Ooru Houston nínú oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án tó ti Èkó, ilẹ̀ náà sì gba ewédú, tẹ̀tẹ̀, ilá àti ewúro dáadáa. Àwọn ọmọ ló ń bomi rin wọ́n kí oòrùn tó mú. Ní alẹ́ tí a bá já ewédú tuntun, tí ìyá wọn sì fi ìjábẹ̀ já a, àwọn ọmọ tí kì í fẹ́ rí ewébẹ̀ lójú ní ilé ìwé a máa du èyí tó kù nínú ìkòkò, nítorí pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbìn ín.

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, òtútù líle kan bo gbogbo Texas, yìnyín já bọ́ dé Houston, ewúro wa sì gbẹ kanlẹ̀. A ti rò pé ó ti kú. Ọmọbìnrin mi ló kọ́kọ́ rí ọ̀mùnú tuntun tó yọ láti ìdí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó sì sá wọlé wá ké sí gbogbo wa bí ẹni pé àlejò pàtàkì ló dé.

Nípa ti ìyá àgbà tí ẹ sọ, ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Sátidé wa, tí í ṣe aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán ní Ògbómọ̀ṣọ́ gẹ́gẹ́ bí àkókò ọdún bá ti rí, a máa ń pe màmá mi lórí WhatsApp, a ó sì gbé fóònù yí ọgbà náà ká. Màmá ló ni ọgbà náà ní ti gidi: wọn a ní kí a já èyí, wọn a ní tọ̀hún ti ń gbó, wọn a ní kí Àkànní da eérú díẹ̀ sí ìdí ilá. Àkànní a ṣe é lójú wọn. Ó yé wọn níbi tí wọ́n wà pé ọ̀rọ̀ àwọn ṣì ń tú ilé wa tò, ayọ̀ tiwọn sì wà nínú ayọ̀ tí mo ń sọ yìí.

Ní ìparí oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, òdòdó aláwọ̀ aró kan tí wọ́n ń pè ní bluebonnet máa ń bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Brenham, ìdílé púpọ̀ a sì lọ ya fọ́tò nínú rẹ̀. Àwa máa ń wọ àdìrẹ lọ.

Àdùkẹ́

Ẹ̀yin òbí mi, mo kúnlẹ̀ kí yín. Manchester ni wọ́n ti tọ́ mi láti kékeré, èmi náà sì ti di ìyá ọmọ báyìí, nítorí náà mo lè sọ ohun tó máa ń kù lọ́kàn ọmọ. Màmá Peckham, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú: àwọn ìrìn yẹn dára, ṣùgbọ́n ohun tí n kò lè gbàgbé láé ṣẹlẹ̀ nínú ilé, nínú òkùnkùn tí Ìyá Ìbejì ń sọ yìí gan-an. Alẹ́ ni Yorùbá ń pàlọ́. Àwọn àgbà kì í fẹ́ kí a pa á lọ́sàn-án. Bàbá mi a máa sọ pé nílé, ọmọ ní láti dúró de alẹ́, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, alẹ́ ń pàdé ọmọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Nítorí náà, láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, ìgbà àlọ́ ni nílé wa. Bí a bá ti jẹun tán, wọn a pa tẹlifíṣọ̀n, wọn a tan iná kékeré kan, a ó sì kó bùláńkẹ́ẹ̀tì jókòó sórí ilẹ̀.

Àlọ́ àpamọ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀. "Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́," ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo pé omorogùn ni ni yóò yan àlọ́ tó kàn. Èmi kì í yan òmíràn ju ti Ìjàpá tó lọ gba oògùn fún Yánníbo lọ́dọ̀ babaláwo, tí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ àsèjẹ náà lójú ọ̀nà títí ikùn rẹ̀ fi wú, nítorí orin rẹ̀ gba kí gbogbo ilé máa gbe "alugbinrin". Àbúrò mi kò tíì lè sọ odindi gbólóhùn ní Yorùbá nígbà náà, síbẹ̀ ó ń gbe orin. Orí ilẹ̀ yẹn ni Yorùbá tí mo ń kọ yìí ti wá. N kò lọ kọ́ ọ níbòmíràn.

Bàbá tiwa náà ṣe iṣẹ́ òru. Ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn a pè wá ní àkókò ìsinmi wọn, wọn a pa àlọ́ kan lórí fóònù kí a tó sùn. Bí wọ́n bá sì dé lówùúrọ̀, wọn a dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, wọn a kì mí ní Àdùkẹ́ ọmọ baba rẹ̀, kí n tó wọ bàtà ilé ìwé. Ẹ sọ èyí fún ọkọ yín, Mà. Iṣẹ́ òru kò gba èyí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin èèyàn mi. A pa tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ àná. Èmi ni mo pa àlọ́ àkọ́kọ́, Kẹ́hìndé sì fẹ́ kí n tún un pa lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí màmá mi pè, Táyé ló gba fóònù, ó sì fi àlọ́ àpamọ̀ kan bi wọ́n. Wọ́n díbọ́n pé àwọn kò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì pa mẹ́ta mìíràn fún un kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀. Ọkọ mi ní òun yóò máa pe àwọn ọmọ ní àkókò ìsinmi òun.

Ó ku ìbéèrè kan. Ọ̀rọ̀ ọgbà Bàbá Ẹlẹ́wédú wọ àwọn ọmọ lára, ṣùgbọ́n a kò ní ẹ̀yìnkùlé, òtútù ibí yìí sì kì í ṣe ti Houston. Ǹjẹ́ ẹ̀fọ́ wa kankan lè hù níhìn-ín?

Màmá Peckham

Àdùkẹ́, n kò bínú rárá, ọmọ mi. Àlọ́ yẹn yóò bá wa dé orí bọ́ọ̀sì 12, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọjọ́ á ti mọ́. Ti àpamọ̀ nìkan la ó máa pa, kí àwọn àgbà lè fojú fò ó.

Ìyá Ìbejì, tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Jàmáíkà ń gbìn ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórúkọ callaloo, orúkọ yẹn ni ẹ ó sì máa rí lára ìdì irúgbìn rẹ̀. Ẹ fọ́n ọn sínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń kàn ní ìparí oṣù Kẹrin tàbí nínú oṣù Karùn-ún, ẹ má sì gbé e síta títí òtútù òru yóò fi lọ tán, èyí tó lè di oṣù Kẹfà ní ìhà àríwá níbi tí ẹ wà. Nígbà yẹn, oòrùn kì í wọ̀ ní Leeds títí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ yóò fi kọjá, nítorí náà ẹ̀fọ́ máa ń yára dàgbà, àwọn ọmọ yóò sì rí àyè ṣeré níta lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹ máa já orí rẹ̀ kí ó lè pẹ̀ka, ẹ ó sì lè jẹ ẹ́ dé oṣù Kẹsàn-án. Ewédú fẹ́ ooru ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ilé lẹ́bàá fèrèsé ni kí ẹ fi tirẹ̀ sí. Tí ẹ bá sì fẹ́ ilẹ̀ tó tóbi, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ báyìí lọ́dọ̀ káńsù fún ilẹ̀ ọgbà tí wọ́n ń fi háyà, nítorí pé àwọn tó ń dúró dè é máa ń pọ̀.