Àkèré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta létí adágún Òpá: ṣé aràn ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá aràn ló ba ẹsẹ̀ àkèré jẹ́? Omi wo la ó kó aràn inú rẹ̀ sí?

Ìyá Láàbù: Bí ẹsẹ̀ bá dín, ẹ má tíì dá aràn lẹ́bi, ọmọ lámilámi inú omi máa ń gé e jẹ. Ẹsẹ̀ tó bá lé ni kí ẹ fura sí. Ní Amẹ́ríkà, ara ìgbín omi ni aràn kan tó ń jẹ́ Ribeiroia ondatrae ti ń jáde, á wá wọ ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ àkèré ti ń hù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ìgbín ibẹ̀ náà wò.

Ọmọ Ìlódè: Iyọ̀ gíráàmù 7 sínú omi lítà 1. Nínú omi lásán, aràn á wú, á bẹ́. Omi iyọ̀ gbígbóná ni kí ẹ fi pa á kó má baà ká jọ, kí ẹ tó kó o sínú ọtí ethanol 70%.

Ìyá Láàbù: Ìbọ̀wọ́ tuntun fún àkèré kọ̀ọ̀kan o!